Bí Awakọ̀ Bá Jẹ̀bi: Ṣé Kó Gba Owó Ìnṣọ́ránsì àbí Kó Sanwó Lápò Ara Rẹ̀?

Irú ìjàǹbá kan wà tí kì í dé inú ìwé ìròyìn. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà ní Challenge n'Ìbàdàn tàbí ní Ojúẹlẹ́gba l'Ékòó, mọ́tò ń rá pálá, awakọ̀ Corolla kan wo fóònù rẹ̀ fìrí. Kó tó gbójú sókè, ó ti fi imú mọ́tò rẹ̀ gbá ìdí Sienna tó wà níwájú. Ẹ̀jẹ̀ ò ta sílẹ̀. Bọ́ńpà ẹ̀yìn Sienna ti wọnú, iná ẹ̀yìn kan ti fọ́, bónẹ́ẹ̀tì Corolla sì ti ká sókè. Kò sí àríyànjiyàn nípa ẹni tó jẹ̀bi.

Ohun tó máa ń tẹ̀lé e, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ Corolla á bọ́ sílẹ̀, á pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é, mà á tún un ṣe." Onísienna á fa fóònù yọ, á pe pánẹ́ẹ̀lì bítà rẹ̀, ìyẹn á sì dá owó lé e láìtíì fojú kan mọ́tò. Àwọn tó ń kọjá á bá wọn bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ná an, wọ́n á ṣe tíránsífáà, oníkálukú á bá tiẹ̀ lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí pé ìwé ìnṣọ́ránsì wà nínú àpótí iwájú Corolla, ìwé tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ pátápátá.

Ìṣirò ló yẹ kó pinnu ohun tí awakọ̀ yẹn máa ṣe, kì í ṣe ìbẹ̀rù, kì í sì í ṣe ìtìjú. Ìṣirò náà ò le, àmọ́ ó yàtọ̀ láti orí irú ìwé ìnṣọ́ránsì kan sí òmíràn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ṣìnà.

Ìwé tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ awakọ̀ ní Nàìjíríà ni èyí tí wọ́n ń pè ní tẹ́ẹ̀dì pátì. Láti ọdún 1945 lòfin ti sọ ọ́ di dandan, ọdún 15 lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ara wọn. Ìwé yìí kò bá ẹni tó rà á tún mọ́tò tirẹ̀ ṣe rárá. Ẹlòmíràn ló wà fún: ẹni tí awakọ̀ bá ṣe léṣe, ẹni tó bá kú nínú ìjàǹbá náà, àti dúkìá ẹni tí awakọ̀ bá bà jẹ́. Títí di ìparí ọdún 2022, ₦5,000 ni wọ́n ń san lórí mọ́tò adáni. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì, sọ ọ́ di ₦15,000. Àjọ náà sọ pé owó tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè san lórí dúkìá ẹlòmíràn di ₦3,000,000. Ti kẹ̀kẹ́ Márúwá di ₦5,000, ti ọ̀kadà ₦3,000, ti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbowó gbé ẹrù kiri sì di ₦100,000. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í dá mọ́tò dúró káàkiri orílẹ̀-èdè láti yẹ ìwé náà wò. Ohun tó bani nínú jẹ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà á nítorí ọlọ́pàá nìkan, bíi pé ìgbà tí wọ́n bá ti fi han ọlọ́pàá tán ni iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé yìí lé awakọ̀ Corolla wa lọ́wọ́. Ká ní pánẹ́ẹ̀lì bítà sọ pé ₦180,000 ni bọ́ńpà, iná àti kíkùn Sienna. Bí awakọ̀ náà bá san án lápò ara rẹ̀, ₦180,000 ti lọ nìyẹn. Bó bá ní kí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì òun san án ńkọ́, kí ni yóò pàdánù? Owó tẹ́ẹ̀dì pátì tí yóò san lọ́dún tó ń bọ̀, ₦15,000 yẹn náà ni. NAICOM ló fi lélẹ̀, kò sì sí ẹ̀dínwó kankan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó jẹ̀bi. Àkókò àti sùúrù ni yóò ná an. Bónẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni yóò fi owó ara rẹ̀ ṣe, torí tẹ́ẹ̀dì pátì ò kan ìyẹn. Ẹni tó ní ojúlówó tẹ́ẹ̀dì pátì lọ́wọ́, tó wá ń yáwó kiri nítorí bọ́ńpà ẹlòmíràn, ń san gbèsè tí òfin ti yan ẹlòmíràn láti bá a san.

"Ojúlówó" ni kí ẹ gbọ́ dáadáa nínú gbólóhùn yẹn. Àwọn kan wà nítòsí ọ́fíìsì ìwé mọ́tò tí wọ́n ń ta ìwé tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ dáadáa, òǹtẹ̀ á wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà mọ́tò á pé, ẹni tó rà á á sì máa yangàn pé òun rí i ní ẹ̀dínwó. Ọjọ́ ìjàǹbá ló máa mọ̀ pé bébà lásán lòun ń gbé kiri. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, NIA, ní àkọsílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní NIID, níbi tí orúkọ gbogbo mọ́tò tó ní ojúlówó ìwé ti gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n sì ṣe ọ̀nà fóònù sí i: kí èèyàn tẹ *565*11#, kó sì fi nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ síbẹ̀. Bí mọ́tò náà ò bá sí nínú àkọsílẹ̀, kí onímọ́tò béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ta ìwé fún un, kó tó di pé ìjàǹbá ló máa bi í.

Ọ̀rọ̀ owó àwìn náà wà ńbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 ni NAICOM ti fẹsẹ̀ òfin múlẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì san owó ìnṣọ́ránsì kò tíì ní ìnṣọ́ránsì. Ẹni tó bá aṣojú ṣe àdéhùn pé "tó bá di ìparí oṣù mà á san", tó sì forí mọ́tò gbá nǹkan ní àárín oṣù, òun nìkan ni yóò gbé ẹrù rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ẹ̀bẹ̀ ẹ̀bá títì yẹn. "Mà á tún un ṣe." Ọmọlúàbí ni ẹni tó sọ ọ́, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Àmọ́ nínú ìwé àdéhùn ìnṣọ́ránsì mọ́tò, ìlà kan sábà máa ń wà tó sọ pé ẹni tó ni ìwé kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi, kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí owó, kò sì gbọ́dọ̀ san ohunkóhun láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Bó bá ti ṣèlérí tó sì ti sanwó ìdajì, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa àdéhùn tí wọ́n dá ní ẹ̀bá títì. Èyí ò ní kéèyàn máa fi ìkanra sọ̀rọ̀. Kó bọ́ sílẹ̀, kó béèrè bóyá ara le. Kó ní: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò, kí n pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mi." Gbólóhùn yìí kò ní àfojúdi nínú, kò sì ba ìwé jẹ́.

Fọ́tò yẹn ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe ń rò ó lọ. Kí wọ́n yà á kí wọ́n tó sún mọ́tò kúrò, tí kò bá ní fa ewu: kí mọ́tò méjèèjì hàn pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, kí ìlà ojú títì hàn, kí ibi tó wọnú hàn láti ẹ̀gbẹ́. Kí wọ́n gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹlẹ́rìí kan, ó kéré tán.

Ní ti ẹni tó ra kọ́mpíríhẹ́ńsíìfù, èyí tó ń tún mọ́tò onímọ́tò náà ṣe, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jinlẹ̀ díẹ̀. Nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìwé rẹ̀ kó tó pinnu. Àkọ́kọ́ ni owó tí òun fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fà sílẹ̀ nínú àtúnṣe kí ilé-iṣẹ́ tó dá sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń fi sí iye kan pàtó, àwọn mìíràn máa ń sọ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àtúnṣe. Ìkejì ni ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ẹni tí kò gba owó kankan láti ọdún tó kọjá. Ọdún tó bá gba owó, ẹ̀dínwó yẹn á lọ tàbí kó dín kù.

Ẹ mú bíró. Ká sọ pé wọ́n díye lé Corolla náà ní ₦6,400,000. Owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lọ́dún láìsí ẹ̀dínwó jẹ́ ₦400,000, àmọ́ nítorí pé kò gba owó kankan, wọ́n yọ ìdá 20 nínú 100 fún un, ó ń san ₦320,000. Owó tí òun yóò kọ́kọ́ fà sílẹ̀ jẹ́ ₦50,000. Àtúnṣe bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ ₦110,000. Bó bá gba owó, ilé-iṣẹ́ á fún un ní ₦60,000. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀dínwó ₦80,000 á lọ. Ó ti fi ₦20,000 ṣòfò nìyẹn, yàtọ̀ sí wàhálà ìwé kíkọ. Lójú ìṣirò yìí, kó fi owó ara rẹ̀ tún bónẹ́ẹ̀tì ṣe ló dáa jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń dúró sí nìyẹn, tí wọ́n á ní "kò tó nǹkan, mi ò ní gbà á". Wọ́n gbàgbé Sienna. Ẹni tó jẹ̀bi ń gbé ẹrù mọ́tò méjì: ₦110,000 tirẹ̀ àti ₦180,000 ti ẹlòmíràn, àpapọ̀ rẹ̀ ₦290,000. Kọ́mpíríhẹ́ńsíìfù kan náà ló kó méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá yọ ₦50,000 kúrò, ₦240,000 ni ilé-iṣẹ́ máa san. Kí ẹ̀dínwó ₦80,000 lọ lẹ́yìn náà, ₦160,000 ṣì ṣẹ́ kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn ti yí padà pátápátá. Ìṣirò tí kò bá ní owó ẹnì kejì nínú kì í ṣe ìṣirò ẹni tó jẹ̀bi.

Nǹkan kan tún wà ní Nàìjíríà, tí àwọn tó ń ta ìnṣọ́ránsì kì í fẹ́ sọ. Nínú ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 yẹn, NAICOM sọ pé owó kọ́mpíríhẹ́ńsíìfù kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìdá 5 nínú 100 iye tí wọ́n dá lé mọ́tò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó tán. Lórí Corolla ₦6,400,000, ₦320,000 gééré nìyẹn. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń gba ìdá 5 yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rà á kò ní ẹ̀dínwó kankan láti pàdánù. Ó kù sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà bóyá yóò fowó kún un nígbà tó bá fẹ́ sọ ìwé dọ̀tun. Kí onímọ́tò bi aṣojú rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀dínwó mélòó ni mo ní báyìí?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ òfo, ₦60,000 orí bónẹ́ẹ̀tì yẹn di owó tó yẹ kó gbà.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń wo owó ìnṣọ́ránsì bí owó àjọ: ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń dá a, ó ti tó àsìkò kí wọ́n kó o. Èrò yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n sáré gbowó lórí fẹ́ńdà tó ha lásán, kí ẹ̀dínwó ọlọ́pọ̀ ọdún sì bá a lọ. Ohun tí wọ́n rà lọ́dún tó kọjá ni ìdáàbòbò ọdún tó kọjá. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ tó ga jù nínú gbogbo èyí ni pé fífi ìjàǹbá tó ilé-iṣẹ́ létí yàtọ̀ sí gbígba owó. Èèyàn lè fi tó wọn létí kó má gba kọ́bọ̀. Ìwé àdéhùn sì sábà máa ń pa á láṣẹ pé kó sọ fún wọn kíákíá, yálà ó fẹ́ gbowó tàbí kò fẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ara máa ń gbóná lọ́jọ́ ìjàǹbá: ẹni tó ní "kò ṣe mí ní nǹkan" lónìí lè jí lọ́la kí ọrùn rẹ̀ má ṣeé yí. Onísienna tó gba ₦180,000 tó sì fi ẹ̀rín lọ lè fi lẹ́tà lọ́yà ránṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀ nítorí ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ tó ń dùn ún. Bí ilé-iṣẹ́ ò bá gbọ́ nípa ìjàǹbá náà rí, wọ́n lè ní àwọn ò ní dá sí i mọ́. Ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti fara pa, bó ti wù kó kéré tó, kò sí ìṣirò kankan láti ṣe mọ́. Kí wọ́n pe ilé-iṣẹ́, kí wọ́n sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Owó ilé ìwòsàn kì í sọ iye tí yóò dé ṣáájú.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wakọ̀ ní Peckham àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ apá kan ọ̀rọ̀ yìí ju ará ilé lọ, torí níbẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ni ìyà ẹni tó jẹ̀bi wà. Ẹ̀dínwó ọdún márùn-ún sábà máa ń padà sí mẹ́ta lẹ́yìn ìjàǹbá kan ṣoṣo, owó ìpìlẹ̀ náà sì lè gòkè. Àwọn kan máa ń sanwó sí i kí wọ́n lè dáàbò bo ẹ̀dínwó wọn, àmọ́ ẹ̀dínwó nìkan nìyẹn dáàbò bò, kò dá owó ìpìlẹ̀ dúró. Òfin ìrìnnà ọdún 1988 ní kí awakọ̀ dúró, kó fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá rí ẹni tí yóò fi sílẹ̀ fún, kó lọ sọ fún ọlọ́pàá kí wákàtí 24 tó pé. Láti ọdún 1994 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì níbẹ̀ sì ti ní àkọsílẹ̀ àjùmọ̀lò kan, CUE, tí wọ́n fi ń rí ìjàǹbá tí oníbàárà wọn ti ní lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n máa ń béèrè nípa ìjàǹbá ọdún márùn-ún sẹ́yìn, títí kan èyí tí wọn ò gbowó lé lórí. Ẹni tó bá fi pamọ́ lè rí i pé ìwé rẹ̀ di asán lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀ jù. Gbèdéke dúkìá ẹlòmíràn níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba pọ́n-ùn, £1,200,000. Ẹ fi ₦3,000,000 tiwa wé e.

Gbèdéke yẹn ò tó nǹkan mọ́ lóòótọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye mọ́tò tòkúnbọ̀ àti ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Ládípọ̀ ti fò kọjá ibi tí ìwé ọ̀pọ̀ èèyàn dé. Ẹni tó gbá jíìpù olówó ńlá lè rí i pé iná iwájú méjì pẹ̀lú bọ́ńpà ti fẹ́ jẹ ₦3,000,000 tán. Ohun tó bá lé, ọrùn rẹ̀ ló ń bọ̀. Ó ṣeé ṣe láti sanwó díẹ̀ kún kọ́mpíríhẹ́ńsíìfù kí gbèdéke náà lè ga sí i, ó sì yẹ kí àwọn tó ń wakọ̀ ní Lẹ́kí tàbí Ìkòyí lójoojúmọ́ béèrè nípa rẹ̀. Mọ́tò onímọ́tò náà ńkọ́? Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ni òkè ibi tí ilé-iṣẹ́ lè dé. Ẹni tó ṣì ń sanwó lórí iye tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ ní 2021 yóò gba owó 2021.

Nǹkan díẹ̀ tún wà tó lè mú kí ìbéèrè "ṣé kí n gbà á" di asán. Láìsẹ̀nsì tó ti kú. Mọ́tò adáni tí wọ́n fi ń ṣe kábúkábú tàbí tí wọ́n fi ń gbé èrò lórí áàpù láìsọ fún ilé-iṣẹ́. Ọmọ tí kò ní láìsẹ̀nsì tó wakọ̀, tí bàbá wá ní òun lòun wà á. Irọ́ ìkẹyìn yìí burú jù, torí ẹni tó fẹ́ gba ₦240,000 lè fi sọ ara rẹ̀ di ọ̀daràn.

Bí ìṣirò bá fi hàn pé kí awakọ̀ sanwó lápò ara rẹ̀, kó sọ fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ná, kó gba ìfọwọ́sí wọn, kó sì ṣe é lọ́nà tí kò ní tún jí dìde. Kó san án sí àkáǹtì, kì í ṣe owó ọwọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ibi, nọ́ńbà mọ́tò méjèèjì, iye owó, àti pé onísienna ti gbà pé àtúnṣe mọ́tò náà ti parí láàárín wọn. Kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, kí oníkálukú mú ẹ̀dà kan.

Bó bá jẹ́ pé gbígba owó ló pinnu, kó má ṣe gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà kí ilé-iṣẹ́ tó wá wò ó. Wọ́n á fún un ní fọ́ọ̀mù, wọ́n á béèrè ẹ̀dà láìsẹ̀nsì rẹ̀, ìwé mọ́tò, fọ́tò, iye tí àtúnṣe máa jẹ́, nígbà mìíràn ìwé ẹ̀rí láti àgọ́ ọlọ́pàá. Níkẹyìn, wọ́n á fi ìwé kan ránṣẹ́ sí i kó buwọ́ lù, tó sọ pé òun gba iye báyìí, òun ò sì ní ohun mìíràn láti béèrè lórí ìjàǹbá náà. Kó fara balẹ̀ ka iye tó wà níbẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú. Bí owó náà bá kéré sí ohun tó retí, kó béèrè ní kíkọ bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀: ilé-iṣẹ́ lè yọ díẹ̀ nítorí pé ẹ̀yà tuntun ni wọ́n fi rọ́pò èyí tó ti gbó, àmọ́ ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n yọ. Bí ilé-iṣẹ́ bá kàn ń sọ "ẹ padà wá lọ́la", NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn àwọn oníbàárà ní Àbújá. Lẹ́tà kan, pẹ̀lú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù àti gbogbo ìwé tí wọ́n ti kọ sí ara wọn, ni yóò fi ránṣẹ́ síbẹ̀.